"Niger Mambo": Orin Bobby Benson Lọ́wọ́ Randy Weston

Nígbà tí Bobby Benson, ọmọ Ìkòròdú, padà dé Èkó ní 1947, jáàsì àti orin àwọn ará Karibéánì ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lù. Lẹ́yìn tí E. T. Mensah ti Gánà wá sí Nàìjíríà ní 1950 ni wọ́n kọjú sí háílàìfù, ṣùgbọ́n adùn kàlípísò kò kúrò níbẹ̀; ẹni tí ó bá gbọ́ "Taxi Driver" yóò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Niger Mambo" ni ó rìn jìnnà jù. Randy Weston, onídùùrù ará Brooklyn, wá sí Èkó ní 1961. Panama ni wọ́n ti bí bàbá rẹ̀, ìran Jamaica sì ni; kàlípísò kì í ṣe àjèjì sí i rárá. Nínú àwo Highlife (1963), tí Melba Liston ṣètò ohun èlò rẹ̀, Weston lo orin Benson, ó sì sọ òmíràn tí òun fúnra rẹ̀ kọ ní "Caban Bamboo Highlife", orúkọ ilé fàájì Benson. Ní 1964 ó tún gba "Niger Mambo" sílẹ̀.

Orúkọ Benson wà lára àwo náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ni orin. Èyí kì í ṣe ohun kékeré láyé ìgbà náà. "Mbube" tí Solomon Linda ti Gúúsù Áfíríkà kọ ní 1939 di "Wimoweh" ní Amẹ́ríkà, "Paul Campbell", orúkọ tí kì í ṣe ti ènìyàn kankan, ni wọ́n sì kọ sí i.