Bóòtù Méjìlá, Ìtàn Ọgọ́sàn-án Ọdún

Àwọn tó fẹ́ràn mọ́tò Corvette lè fi ọjọ́ kan gbáko jiyàn lórí header. Èwo ló dára jù? Báwo ni páìpù rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó? Ṣé yóò máa bú ramúramù bíi kìnnìún? Ṣùgbọ́n ẹni tó máa béèrè nípa bóòtù méjìlá tí yóò so header yẹn mọ́ ara ẹ́ńjìnnì ò wọ́pọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Àwọn bóòtù yìí ní ìtàn, ìtàn náà ló sì máa sọ èyí tó yẹ ká rà fún wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀. Èéfín tó ń jáde látinú ẹ́ńjìnnì máa ń gba inú irin dídà kan tí wọ́n ń pè ní manifold kó tó dé sàlẹ́ńsà. Header ni wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀: ihò èéfín kọ̀ọ̀kan á ní páìpù tirẹ̀, èéfín á sì tètè ráyè jáde. Lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì V8 ti Corvette, bóòtù mẹ́fà ló máa ń dì í mú lápá ọ̀tún, mẹ́fà lápá òsì.

Láyé àtijọ́, kò sí ohun tó ń jẹ́ sáìsì bóòtù. Bó ṣe wu ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń gé eyín bóòtù tiẹ̀. Tí nọ́ọ̀tì kan bá sọnù, àfi kéèyàn padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é. Ní 1841, Joseph Whitworth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dábàá pé kí gbogbo èèyàn máa lo eyín kan náà, tí ìgun rẹ̀ jẹ́ dígírì 55. Ní 1864, William Sellers ní Philadelphia ní òun ò gbà. Ó ní dígírì 60 ló rọrùn láti gé. Bí Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe pínyà lórí ọ̀rọ̀ bóòtù nìyẹn.

Àwa tí à ń kọ software mọ irú ìṣòro yìí dunjú. Ẹ̀rọ méjì ò lè bára wọn sọ̀rọ̀ àfi tí àwọn tó ṣe wọ́n bá ti fẹnu kò. Tí wọn ò bá fẹnu kò, àdánù rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ní oṣù kejì ọdún 1904, iná ńlá sọ ní Baltimore. Àwọn panápaná sáré wá láti Washington àti Philadelphia, wọ́n gbé rọ́bà omi wọn dání, àmọ́ eyín ẹnu rọ́bà ọ̀pọ̀ nínú wọn ò bá ti ẹ̀rọ omi ìlú náà mu. Ilé tó lé ní 1,500 ló jóná. Ṣé omi ni kò sí ni? Omi wà. Èèyàn náà wà. Eyín ni kò bára mu.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ní 1948, Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àti Kánádà wá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, wọ́n jọ gba dígírì 60. Ṣùgbọ́n ìńṣì ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, nígbà tí Jámánì àti Faransé ń fi mìlímítà wọn tiwọn.

Inú ayé ìńṣì yìí ni wọ́n bí Corvette sí ní 1953. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì V8 wọ inú rẹ̀ ní 1955, bóòtù manifold rẹ̀ jẹ́ 3/8 ìńṣì, eyín 16 nínú ìńṣì kan. Síbẹ̀, púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì kan náà jẹ́ mìlímítà 14! Ṣe ló dà bí ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Ìjẹ̀bú, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Èkìtì.

Ní 1997, ẹ́ńjìnnì LS1 dé. Lítà 5.7 ni wọ́n ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe èyí tó wà ṣáájú rẹ̀, àmọ́ bóòtù ti yí padà sí mìlímítà 8, tí àlàfo eyín rẹ̀ jẹ́ 1.25. Ibí ni ewu wà. Bóòtù 5/16 ìńṣì jẹ́ mìlímítà 7.94. Ojú lásán ò lè mọ ìyàtọ̀. Ó máa wọlé díẹ̀, á wá há. Tẹ́ ẹ bá fi sípánà fipá wé e, bóòtù jẹ́ irin, tọ́ọ̀pù sílíńdà jẹ́ alumíníọ̀mù: ẹ ti mọ ẹni tó máa pàdánù. Torí náà, ọdún mọ́tò àti irú ẹ́ńjìnnì la fi ń ra bóòtù. Ìka ọwọ́ la sì fi ń kọ́kọ́ wé e wọlé, kí sípánà tó dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ooru ló kàn. Tí nǹkan bá gbóná, alumíníọ̀mù máa ń fẹ̀ tó ìlọ́po méjì irin. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá sitáàtì mọ́tò ni wọ́n ń fẹ̀, tẹ́ ẹ bá pa á, wọ́n á súnkì. Bóòtù tó ti jẹ irú ìyà yẹn fún ọdún mẹ́wàá, ẹ má dá a padà síbẹ̀. Ẹ ra tuntun, àti gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní àwọn fẹ́ irin tí kì í dípẹtà, èyí tí Harry Brearley ṣe ní Sheffield ní 1913 nígbà tó ń wá irin tó dára fún ojú ìbọn. Ó dára lóòótọ́, àmọ́ dídán kọ́ ni agbára. Ẹ ka orí bóòtù: A2-70 tó ń dán yẹn ò lágbára tó 8.8, 8.8 ò sì tó 10.9. Irin yìí tún máa ń lẹ̀ mọ́ra wọn tí wọ́n bá ń ha ara wọn, torí náà ẹ fi gíríìsì tó ń gba ooru pa á. Ẹ wo gígùn rẹ̀ náà, torí pé bí ojú header ṣe nípọn tó yàtọ̀ sí ti manifold. Kí orí bóòtù sì kéré débi tí sípánà á fi ráyè láàárín páìpù.

Lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, tó sì tutù nígbà mélòó kan, ẹ padà lọ fún wọn. Bóòtù tó bá dẹ̀ máa ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọ inú páìpù. Ẹ̀rọ tó ń wọn ọ́síjìn á wá ròyìn irọ́ fún kọ̀ǹpútà mọ́tò, kọ̀ǹpútà á sì máa da epo sí i. Wọ́n á ní software ló bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ bóòtù ni. Èyí tó burú jù ni carbon monoxide: kò láwọ̀, kò lóòórùn, ó sì lè yọ́ wọ inú mọ́tò, kó pa ẹni tó ń wà á.

M8 x 1.25 tó wà lára páálí yẹn, àdéhùn ni. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí aráyé tó fẹnu kò lórí irú rẹ̀. Ẹ kà á dáadáa kẹ́ ẹ tó mú sípánà.