Àmúlù: Orúkọ Tó Yẹ Ìṣirò Àkójọ

Bí a bá ní àkójọ méjì, A àti B, tí a mú ọmọ A kọ̀ọ̀kan pàdé ọmọ B kọ̀ọ̀kan, láìfo ẹnì kan, gbogbo èjì-èjì tí a rí ló para pọ̀ di àkójọ tuntun. A × B ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ń kọ ọ́. Orúkọ René Descartes ni wọ́n sì fi ń pè é, Cartesius lédè Látìn, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó fi ìwé La Géométrie la ọ̀nà ní 1637 fún bí a ṣe ń fi nọ́ńbà méjì tọ́ka sí ojú ibì kan. Descartes fúnra rẹ̀ kò mọ ìmọ̀ àkójọ. Ó kú ní 1650, ó sì lé ní igba ọdún kí Georg Cantor ti ilẹ̀ Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìmọ̀ náà jáde. Bí a bá yọ orúkọ Descartes kúrò nínú tiwa, a kò jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Kí ni ká wá pè é ní Yorùbá? Àmì × yẹn lè tan olùkọ́ láti sọ pé “ìsọdipúpọ̀ àkójọ”. N kò fara mọ́ ọn. Lóòótọ́, bí A bá ní ọmọ mẹ́ta, tí B ní márùn-ún, èjì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni a ó rí. Ṣùgbọ́n iye nìkan nìyẹn. Ìlọ́po mẹ́ta márùn-ún àti ìlọ́po márùn-ún mẹ́ta, ọ̀kan náà ni; A × B àti B × A kì í ṣe ọ̀kan náà, nítorí ẹni tó ṣáájú nínú èjì kan ló gbẹ̀yìn nínú èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni bí B bá ṣófo, A × B ṣófo pẹ̀lú. Ta ni a wá sọ di púpọ̀ níbẹ̀?

Àwọn babaláwo ti ní ọ̀rọ̀ tí à ń wá. Ojú odù mẹ́rìndínlógún ló wà, láti orí Ogbè dé Òfún. Apá ọ̀tún ọ̀pẹ̀lẹ̀ lè mú èyíkéyìí nínú wọn jáde, apá òsì náà lè mú èyíkéyìí jáde, ìdí nìyẹn tí odù fi jẹ́ 256 lápapọ̀. Ọ̀tún ni a kọ́kọ́ ń pè. Bí Ọ̀ṣẹ́ bá wà lọ́tùn-ún tí Òtúrá wà lósì, Ọ̀ṣẹ́túrá ló jáde. Bí wọ́n bá pààrọ̀ ipò, Òtúrá-Ọ̀ṣẹ́ ni, odù mìíràn tó ní ẹsẹ tirẹ̀. Kò sí babaláwo tó mọ iṣẹ́ tí yóò ki ọ̀kan fún èkejì. Òfin tí ìṣirò gbé kalẹ̀ gan-an nìyí. Àwọn odù tí a mú ojú odù kan lu òmíràn láti rí, àwọn 240, ni wọ́n ń pè ní ọmọ odù tàbí àmúlù odù.

Àmúlù, nígbà náà. Ẹnì kan lè sọ pé Èjì Ogbè kì í ṣe àmúlù lọ́dọ̀ awo, bẹ́ẹ̀ Ogbè pẹ̀lú Ogbè wà nínú àkójọ tí ìṣirò ń sọ. Òótọ́ ni, àtakò tó lágbára jù lọ sì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ a máa fẹ̀. Ìbò wà lọ́wọ́ awo kí ó tó dé ọ̀dọ̀ olóṣèlú, kò sì sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà rú lójú lónìí. Ti àmúlùmálà tí a fi ń bu èdè tí a dà pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì kù, ẹ jẹ́ ká fi í síbi tó wà. Nínú àmúlù, kò sí ohun tó dà pọ̀: Ọ̀ṣẹ́ ṣì ń jẹ́ Ọ̀ṣẹ́, Òtúrá ṣì wà láyè rẹ̀.

Èjì kọ̀ọ̀kan tó wà nínú àmúlù ni mo fẹ́ ká máa pè ní èjì elétò. Ìbejì kò bá a mu, nítorí ènìyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìbejì, a sì ṣì ń jiyàn lórí ta ni ẹ̀gbọ́n láàárín Táyé àti Kẹ́hìndé. Nínú èjì elétò, kò gbọdọ̀ sí iyàn. Kazimierz Kuratowski ti ilẹ̀ Póláǹdì ló rí ọgbọ́n dá sí i ní 1921: ó ní kí a ka èjì a àti b sí àkójọ tó ní àkójọ méjì nínú, ọ̀kan ní a nìkan, èkejì ní a àti b. Èyí tó dá wà nínú ọ̀kan nínú wọn ló ṣáájú. Bí a àti b bá jẹ́ ohun kan náà, àkójọ méjèèjì á di ẹyọ kan, síbẹ̀ a ó mọ ẹni tó wà nípò kìíní àti ẹni tó wà nípò kejì. Èjì Ogbè rí ibi jókòó sí.

Kò pọn dandan kí àkójọ méjèèjì jọra. Mú ọjọ́ òrìṣà mẹ́rin, Ọ̀ṣẹ̀, Awo, Ògún àti Jàkúta, kí o mú wọn lu ọjọ́ méje tí à ń kà láti Àìkú dé Àbámẹ́ta: èjì 28 ni. Láàárín ọjọ́ 28, èjì kọ̀ọ̀kan á wáyé lẹ́ẹ̀kan péré, Jàkúta tó bọ́ sí Ẹtì, Awo tó bọ́ sí Ajé, títí tí àmúlù náà yóò fi pé.

Ọ̀rọ̀ tó kàn ti ń dúró. Mú gbogbo ènìyàn inú agbo ilé kan, kí o mú àkójọ wọn lu ara rẹ̀, kí o wá ṣa kìkì àwọn èjì elétò tí ẹni àkọ́kọ́ ti jẹ́ òbí ẹni kejì. Apá àmúlù tí o ṣà yẹn, ìbátan ni mo fẹ́ kó máa jẹ́ nínú ìṣirò pẹ̀lú. Bí o bá sì yí gbogbo èjì inú rẹ̀ padà, ọmọ ló ṣáájú òbí yẹn. Ìbátan mìíràn ni, ó sì yẹ kó ní orúkọ tirẹ̀.