Ìtàn Jíju Bọ́ọ̀lù Síwájú ní Amẹ́ríkà, àti Àwọn tí a Fi Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ Dù

Bí a bá dárúkọ bọ́ọ̀lù láàrin àwa ọmọ Yorùbá, ẹsẹ̀ ni ọkàn wa máa ń lọ. Ọ̀tọ̀ ni èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀lù tiwọn ṣe ṣóńṣó ní orí méjèèjì, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń gbé e. Ènìyàn 11 ní ìhà kan, 11 ní ìhà kejì, lórí pápá tí ó gùn ní 100 yáàdì, tí ó sì fẹ̀ ju 53 lọ díẹ̀. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbìyànjú mẹ́rin láti fi rin yáàdì 10. Bí kò bá rìn ín, bọ́ọ̀lù di ti ẹgbẹ́ kejì. Ẹni tí wọ́n ń pè ní kọ́tábákì ni ó ń gba bọ́ọ̀lù ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan. Ó lè fà á lé asáré kan lọ́wọ́ pé kí ó máa gbé e lọ, ó sì lè jù ú síwájú fún ẹni tí ó ti sá lọ láti tẹ́wọ́ gbà á, tí a ó máa pè ní atẹ́wọ́gbà nínú àròkọ yìí. Jíjù síwájú yìí ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀. Àwọn olùkọ́ ni wọ́n sọ ọ́ di ohun tí ó dà lónìí, kì í ṣe àwọn alágbára. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ náà tí wọ́n fi hàn gbogbo ayé pé ẹ̀kọ́ ni, àwọn àti àwọn ọ̀gá wọn náà ni wọ́n fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún pinnu ẹni tí wọn kò ní kọ́.

Ikú ni ó bí i. Ní àtètèkọ́ṣe, òfin kò gbà pé kí ẹnikẹ́ni ju bọ́ọ̀lù síwájú rárá. Ńṣe ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń wọ́ jọ sí ojú kan tí wọ́n ń forí sọ ara wọn bí àgbò. Ní ọdún 1905 nìkan, kò dín ní ènìyàn 18 tí ó bá eré náà kú. Ààrẹ Theodore Roosevelt pe àwọn aṣojú Harvard, Yale àti Princeton wá sí ilé ìjọba ní oṣù kẹwàá ọdún náà kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i, nítorí àwọn kan ti ń sọ pé kí a pa eré náà rẹ́ pátápátá. Ní 1906 àwọn aṣòfin eré náà yọ̀ǹda jíjù síwájú, kí àwọn agbábọ́ọ̀lù lè fọ́n ká orí pápá. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹ̀gún yí i ká: bí bọ́ọ̀lù tí a jù bá já lulẹ̀ láìkan ẹnikẹ́ni, ti ọ̀tá ni. Bọ́ọ̀lù ìgbà náà sì yọkùn, kò ṣe é dì mú dáadáa. Ta ni yóò fẹ́ fi ohun ìní rẹ̀ ta irú tẹ́tẹ́ bẹ́ẹ̀?

Eddie Cochems, olùkọ́ ní Yunifásítì Saint Louis, ni ó fẹ́. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí etí adágún Beulah ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ó sì fi jíjù kọ́ wọn níbẹ̀ kí àkókò eré tó dé. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án 1906, ní ìlú Waukesha, ọmọ rẹ̀ kan, Bradbury Robinson, ju èyí àkọ́kọ́ tí òfin gbà. Ó já lulẹ̀, bọ́ọ̀lù sì di ti ilé ẹ̀kọ́ Carroll. Nígbà tí ó ṣe, ó tún jù ú, Jack Schneider gbà á, ó sì wọlé. Saint Louis kò pàdánù eré kankan lọ́dún náà. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà á sí ohun tí a lè gbé ara lé, àfi ìgbà tí ó di ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 1913, tí Notre Dame lọ bá àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ológun ní West Point. Gus Dorais ju bọ́ọ̀lù 17 ní ọjọ́ náà, wọ́n gba 14 níbẹ̀, Notre Dame sì borí pẹ̀lú àmì 35 sí 13. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Knute Rockne ti fi ìgbà ooru ọdún náà ṣiṣẹ́ ní etí adágún ní Cedar Point, ní Ohio, wọ́n sì ń gbé bọ́ọ̀lù lọ sí orí iyanrìn bí iṣẹ́ bá ti tán. Ohun tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ ni pé kí atẹ́wọ́gbà má ṣe dúró de bọ́ọ̀lù. Kí ó máa sáré, kí bọ́ọ̀lù wá bá a lórí eré. Ọdẹ kò ní rí èyí bí ohun tuntun. Bí ó bá yin ẹran tí ń sáré níbi tí ó ti rí i, ibi tí ẹran ti kúrò ni ọta yóò bá.

Ọ̀rọ̀ wá di pé: báwo ni kọ́tábákì yóò ṣe mọ ibi tí ẹran ń lọ? Nínú èyí ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n eré náà ti yọ. Paul Brown, tí ó jẹ́ olùkọ́ ẹgbẹ́ Cleveland nígbà tí ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ eré ní 1946, sọ pápá di ilé ìwé. Ó fún olúkúlùkù ní ìwé tí yóò máa kọ nǹkan sí, ó ń fi sinimá eré àná hàn wọ́n, ó sì ń ṣe ìdánwò fún wọn bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gba oyè. Kọ́tábákì rẹ̀, Otto Graham, lo ọdún 10 lọ́dọ̀ rẹ̀, ó dé ìdíje àṣekágbá ní ọdún mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó sì gba ife méje. Sid Gillman, tí ó ń kọ́ àwọn Chargers ní California láti 1960, jẹ́ ọmọ àwọn tí ó ni ilé sinimá; fíìmù kò ṣàjèjì sí i. Ó jókòó tì í títí tí ó fi rí i pé fífẹ̀ pápá ṣe pàtàkì bí gígùn rẹ̀: bí a bá na àwọn atẹ́wọ́gbà láti etí dé etí, àwọn tí ń ṣọ́ wọn kò lè kárí. Òun ni ó so ìṣísẹ̀ ẹni tí ń jù mọ́ ìṣísẹ̀ ẹni tí ń gbà.

Ọwọ́ Bill Walsh ni ẹ̀kọ́ yìí ti gbó, àìní ni ó sì kọ́ ọ. Abẹ́ Paul Brown kan náà ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ní Cincinnati, láti 1968. Wọ́n ní ọmọkùnrin kan níbẹ̀, Greg Cook, tí apá rẹ̀ le bí irin. Èjìká rẹ̀ fara pa ní 1969, eré rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n rí fi dí àlàfo náà ni Virgil Carter, olóye ènìyàn, ṣùgbọ́n tí kò lè ju bọ́ọ̀lù jìnnà. Olùkọ́ mìíràn ì bá ti gbàgbé jíjù, kí ó máa fi sáré nìkan ṣe é. Walsh bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣísẹ̀. Kọ́tábákì yóò fà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta, márùn-ún tàbí méje. Bí ẹsẹ̀ ìkẹyìn bá ti kanlẹ̀, bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta ni, atẹ́wọ́gbà yóò sáré ìṣísẹ̀ mẹ́ta síwájú, yóò yà sí inú pápá, bọ́ọ̀lù yóò sì ti wà lójú òfuurufú kí ó tó gbójú sókè. Bí wọ́n bá ti dí ẹni àkọ́kọ́ mọ́, kí ó wo ẹnì kejì. Bí wọ́n bá dí ìyẹn náà, ẹnì kẹta wà nítòsí, yáàdì márùn-ún péré. Kò sí èyí tí ó fẹ́ agbára. Ní 1971, nínú 100 tí Carter bá jù, wọ́n ń gba 62, kò sì sí ẹni tí ó jù ú lọ nínú líìgì náà. Nígbà tí Paul Brown fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ ní 1976, ẹlòmíràn ni ó fà á lé lọ́wọ́. Walsh káńgárá rẹ̀, ó kúrò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó padà wá bá Cincinnati ní Super Bowl, èyí tí í ṣe àṣekágbá ọdọọdún, ní 1982 àti 1989, pẹ̀lú San Francisco tirẹ̀. Ó borí wọn lẹ́ẹ̀mejèèjì, Paul Brown sì ni ọ̀gá Cincinnati síbẹ̀. Joe Montana ni ó ju bọ́ọ̀lù fún un. Ẹni 81 ni àwọn ẹgbẹ́ líìgì ti mú kí ó tó kan Montana ní 1979.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, tí ó jẹ́ pé ìkàṣísẹ̀ àti òye ni, tí a sì lè kọ́ ẹni tí apá rẹ̀ kò le, kí ló dé tí a kò rí adúláwọ̀ nínú gbogbo orúkọ tí mo ti dá yìí? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ti rí. Àwọn aláwọ̀ funfun tí ń ṣàkóso eré náà gbà pé ènìyàn dúdú lè sáré, ó lè fò, ó lè kọlu ni, ṣùgbọ́n kò ní orí tí ó lè fi ṣe kọ́tábákì. Bí ẹ̀kọ́ náà ṣe ń jinlẹ̀ sí i ni àwáwí yìí ń lágbára sí i. Paul Brown fúnra rẹ̀ gba adúláwọ̀ méjì, Marion Motley àti Bill Willis, ní 1946, ọdún kan kí Jackie Robinson tó wọ líìgì àgbà, a sì gbọdọ̀ yìn ín fún un. Ṣùgbọ́n Motley ń gbé bọ́ọ̀lù sáré ni, Willis sì wà lójú ìjà.

Ní 1953, Chicago ní kọ́tábákì dúdú kan tí orúkọ bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Thrower, èyí tí í ṣe “ajunǹkan” ní èdè wọn. Orúkọ ro ọmọ, ayé kò gbà fún un. Wọ́n jẹ́ kí ó ju mẹ́jọ ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ sì súnmọ́ ìlà òpin, wọ́n mú un jáde, wọ́n fi aláwọ̀ funfun rọ́pò rẹ̀. Ní 1968, Marlin Briscoe ju bọ́ọ̀lù 14 wọlé fún Denver nínú ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀. Ní ọdún kejì wọn kò jẹ́ kí ó díje fún ipò náà. Ó lọ sí Buffalo, wọ́n sọ ọ́ di atẹ́wọ́gbà, ó sì tún ta yọ níbẹ̀ náà. Warren Moon, ní 1978, kò rí ẹgbẹ́ kan tí yóò mú un, ó kọjá sí Kánádà, ó sì bá Edmonton gba ife ilẹ̀ náà ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún léraléra kí àwọn ará ilé tó ránṣẹ́ pè é.

Ibì kan wà tí wọn kò ti dúró de àánú ẹnikẹ́ni. Ní Grambling, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn ènìyàn dúdú ní Louisiana, Eddie Robinson ni olùkọ́ láti 1941 títí di 1997. Ó mú eré tí àwọn ẹgbẹ́ àgbà ń ṣe, ó fi kọ́ James Harris bí a ti ń kọ́ babaláwo ní odù, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ohun tí yóò sọ pé ọmọ náà kò mọ̀. Ní 1969 Harris bẹ̀rẹ̀ ọdún bíi kọ́tábákì Buffalo. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Doug Williams, ọmọ Grambling kan náà, tí Tampa Bay mú ní 1978. Ẹni tí wọ́n rán lọ wò ó ni Joe Gibbs, ẹni tí ó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Don Coryell ní San Diego. Williams kúrò ní Tampa Bay lẹ́yìn àríyànjiyàn lórí owó iṣẹ́, ó lọ gbá bọ́ọ̀lù ní líìgì mìíràn tí ó fọ́ mọ́ ọn lórí. Ní 1986 Gibbs, tí ó ti di olórí olùkọ́ ní Washington, pè é wá, ìgbákejì ni ó sì fi í ṣe.

Ọjọ́ 31 oṣù kìíní 1988 ni Super Bowl tí ó kàn án. Denver ti ní 10, Washington kò tíì ní nǹkan kan, orúnkún Williams sì yẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi mú un jáde fún ìgbà díẹ̀. Ó padà wọlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìdá kejì eré ó ju ọ̀kan fún Ricky Sanders, yáàdì 80, ó wọlé. Láàrin ìdá ìṣẹ́jú 15 yẹn ó ju mẹ́rin wọlé, Washington sì kó àmì 35. 42 sí 10 ni ó parí sí, òun sì ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn ẹni tí ó tayọ jùlọ. Nígbà tí Robinson fẹ̀yìn tì, Williams ni ó gba ipò olùkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Grambling, ní 1998.

Ọdún 35 lẹ́yìn ìṣẹ́gun yẹn, ní ọjọ́ 12 oṣù kejì 2023, ni kọ́tábákì dúdú méjì kọ́kọ́ pàdé ara wọn ní Super Bowl, Patrick Mahomes ti Kansas City àti Jalen Hurts ti Philadelphia. Andy Reid ni olùkọ́ Mahomes. Ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Mike Holmgren, Holmgren náà kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Walsh. Ní ìdá ìkẹyìn, Reid ní kí atẹ́wọ́gbà kan ṣe bí ẹni ń sáré wọ àárín kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì yí padà síta lójijì. Àwọn tí ń ṣọ́ ọ lọ sí àárín, ó kù òun nìkan. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan fún Kadarius Toney ní ọwọ́ ọ̀tún, ó tún ṣe é fún Skyy Moore ní ọwọ́ òsì. Bọ́ọ̀lù yáàdì márùn-ún àti mẹ́rin ni, ọmọdé lè jù wọ́n. Kansas City borí, 38 sí 35.