Ẹ́kísódù

Ẹ́kísódù ni orúkọ ìwé kejì nínú Bíbélì. Láti inú èdè Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìjáde lọ. Ṣemótì, èyí tó túmọ̀ sí “àwọn orúkọ”, ni àwọn Júù ń pè é lédè Hébérù, nítorí orúkọ àwọn ọmọ Jákọ́bù ló ṣíwájú nínú ìwé náà.

Ohun tí ó ń sọ ni bí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ṣe kúrò ní oko ẹrú Íjíbítì, tí Mósè ṣáájú wọn la Òkun Pupa kọjá, tí wọ́n sì gba inú aginjù lọ sí ìhà Kénáánì, ilẹ̀ ìlérí.

Lónìí, a tún ń lo ọ̀rọ̀ náà fún ìṣílọ ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nínú ìnira. Ìtẹ̀dó Libreville, olú ìlú Gàbọ́n, jẹ́ àpẹẹrẹ rẹ̀. Ní 1846, àwọn ọmọ ogun ojú omi Faransé gba àwọn ẹrú inú ọkọ̀ Elizia sílẹ̀. Ní 1849, nǹkan bí 50 lára wọn tẹ̀dó síbẹ̀. “Ìlú òmìnira” ni Libreville túmọ̀ sí. Àmọ́, yàtọ̀ sí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, àwọn tí a gbà sílẹ̀ yìí kò padà sí ilẹ̀ baba wọn; ilẹ̀ àjèjì ni wọ́n sọ di ilé.