Ọ̀gọ̀dọ̀, Sòbìà àti Ẹ̀dá Tíntìntín Inú Omi ní Ilẹ̀ Ìbàràpá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Síbẹ̀, ní ilẹ̀ Ìbàràpá, omi yìí kan náà ni ó ń dá ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ dùbúlẹ̀ lọ́dọọdún, kí àwọn ènìyàn tó mọ ohun tí ń gbé inú rẹ̀. Ìtàn náà yẹ kí a yẹ̀ wò.

Ìbàràpá Méje ni à ń pe Èrúwà, Lánlátẹ̀, Igbó-Ọrà, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgangan. Ọ̀gọ̀dọ̀ ni ọ̀pọ̀ abà wọn ti ń pọn omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ti sòbìà, Ìdèrè ni orúkọ rẹ̀ kàn jù. Àìsàn yìí kì í ṣe àjèjì nínú èdè wa: òwe sọ pé bí sòbìà yóò bá di egbò, Olúgáńbe ni à ń ké sí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbàlagbà gbà pé inú ara ènìyàn gan-an ni sòbìà ti ń wá, bí ẹni pé iṣan ni. Wọn kò so ó mọ́ omi.

Kí ni ó wà nínú ọ̀gọ̀dọ̀? Bí omi tí ó dúró sójú kan bá ní àwọ̀ ewé, kì í ṣe ìdọ̀tí lásán ni a rí. Àìmọye ẹ̀dá tí ojú kò lè rí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó kún inú rẹ̀. Lára wọn ni àwọn baktéríà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní cyanobacteria. Oòrùn ni wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ ara wọn gẹ́gẹ́ bí ewé igi, wọ́n sì ń tú afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú jáde. Ó ti ju bílíọ̀nù méjì ọdún lọ tí iṣẹ́ wọn ti mú kí afẹ́fẹ́ yìí pọ̀ lójú òfurufú. Èyí tí ó kéré jù lára wọn nínú òkun, Prochlorococcus, kò di mímọ̀ fún aráyé títí di 1988, nígbà tí Sallie Chisholm àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ẹ̀dá mìíràn tí ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ tí iye rẹ̀ tó tirẹ̀ láyé.

Nínú òkun àti nínú ọ̀gọ̀dọ̀, irú ẹ̀dá wọ̀nyí àti ewéko tíntìntín ẹgbẹ́ wọn ni ìpìlẹ̀ oúnjẹ. Lára àwọn tí ń jẹ wọ́n ni Cyclops, kòkòrò omi tí kò ju àmì funfun bíńtín lọ bí a bá gbé omi sójú ìmọ́lẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi á fà, oòrùn á mú un lọ́wọ́ọ́wọ́, àwọ̀ ewé á pọ̀, Cyclops náà á sì kún inú ìwọ̀nba omi tí ó kù.

Àsìkò yìí ni ẹni tí sòbìà ti yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ máa ń wọ inú omi lọ pọnmi. Sòbìà á tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ sínú omi, Cyclops á gbé wọn mì, ọmọ sòbìà á sì dàgbà nínú rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí ó bá mu omi náà kò ní mọ nǹkan kan lára títí di nǹkan bí ọdún kan, nígbà tí aràn tí ó lè gùn tó mítà kan yóò máa yọ jáde. Ta ni yóò rántí omi tí ó mu ní ẹ̀ẹ̀rùn èṣí? Ìdí nìyí tí a kò fi lè bá àwọn baba wa wí pé wọn kò mọ orísun rẹ̀.

Ní 1963, Yunifásítì Ìbàdàn dá ètò ìlera ìgbèríko sílẹ̀ ní Igbó-Ọrà. Ní àwọn ọdún 1980, William Brieger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá àwọn ará Ìdèrè ṣiṣẹ́: wọ́n gbẹ́ kànga, àwọn aránṣọ sì ń rán aṣọ náílọ̀nù tí a fi ń sẹ́ omi. Ẹ kíyè sí ọgbọ́n tí ó wà nínú aṣọ yìí. Kò pa ọ̀gọ̀dọ̀ run, àwọn ẹ̀dá aláwọ̀ ewé sì ń gba ojú rẹ̀ kọjá. Cyclops nìkan ni ó ń dá dúró. Ẹ̀wọ̀n gígùn kan já, nítorí pé a mọ ẹni tí ń jẹ ẹni.

Ìṣirò tí a ṣe jákèjádò Nàìjíríà ní nǹkan bí 1988 fi hàn pé àwọn tí sòbìà mú lé ní 650,000. Ní oṣù kọkànlá 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn. Ní oṣù kejìlá 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́.

Sòbìà ti lọ, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀dá aláwọ̀ ewé ṣì wà. Bí ọṣẹ, ajílẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran bá ń ṣàn sínú omi tí kò ṣàn, wọ́n lè pọ̀ kọjá ààlà, àwọn mìíràn lára wọn a sì máa tu oró sínú omi. Aṣọ asẹ́ kò lè mú oró yìí, bẹ́ẹ̀ ni sísè kì í pa á. Ẹni tí ó bá rí omi tí ó ki bí ọbẹ̀ ewédú, kí ó wá omi mìíràn mu, kí ó má sì jẹ́ kí ẹran ọ̀sìn rẹ̀ fẹnu kàn án.