Bí Omi Ṣe Ń Wọ Inú Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Irin Ayé Àtijọ́

Ní ọdún 1908 ni ọkọ̀ ojú irin Hijaz dé Madinah láti Damásíkù. Sultan Abdulhamid Kejì ló pàṣẹ iṣẹ́ náà lọ́dún 1900, àwọn Mùsùlùmí láti ilẹ̀ oríṣiríṣi sì dá owó sí i. Ọ̀nà náà gùn tó nǹkan bí 1,300 kìlómítà, aṣálẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìrìn-àjò Hajj tó ń gba nǹkan bí 40 ọjọ́ lórí ràkúnmí wá di ti ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ni ọkọ̀ náà fi ń rìn. Báwo ni omi ọ̀hún ṣe ń wọ inú ẹ́ńjìnnì? Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìkòkò irin

Ìkòkò irin ńlá tó dé pinpin ló wà nínú ẹ́ńjìnnì. Iná ń jó nínú àpótí kan, omi yí àpótí náà ká. Bí omi bá hó, ooru rẹ̀ ló ń ti ọ̀pá irin tó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bí ooru ti ń jáde, omi ń dín kù. A kò sì lè ṣí i ká bu omi kún un bí ìkòkò ọbẹ̀, nítorí agbára ooru inú rẹ̀ yóò ti omi padà síta.

Láti orí pọ́ǹpù dé orí injector

Níbẹ̀rẹ̀, pọ́ǹpù tí ìrìn ọkọ̀ ń mú ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń lò. Bí ọkọ̀ bá dúró, pọ́ǹpù náà dúró, bẹ́ẹ̀ iná kò dúró. Lọ́dún 1858, Henri Giffard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gba ìwé àṣẹ lórí injector. Ooru láti inú ìkòkò máa ń gba ojú ihò tóóró, á sáré gan-an, á pàdé omi tútù láti inú táǹkì, á di omi, á sì gbé eré rẹ̀ fún omi náà. Nígbà tí omi bá dé ibi tí ihò ti ń fẹ̀, eré rẹ̀ á dín kù, agbára rẹ̀ á sì pọ̀ títí á fi borí ti inú ìkòkò. Á ti ilẹ̀kùn kékeré kan, á wọlé. Ilẹ̀kùn náà kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí omi táǹkì bá gbóná jù, injector kò ní ṣiṣẹ́.

Ewu tó wà níbẹ̀

Ojú awakọ̀ kì í kúrò lára gíláàsì tó ń fi ìwọ̀n omi hàn. Bí omi bá lọ sílẹ̀ débi tí òrùlé àpótí iná yọ síta, irin náà á pọ́n, á rọ̀, ìkòkò sì lè bú gbàmù. Ẹ̀mí àwọn tó wà nítòsí wà nínú ewu nìyẹn.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣètò kànga àti ibi ìtọ́jú omi sí àwọn ibùdókọ̀ Hijaz, tí ọkọ̀ sì tún máa ń fa táǹkì omi tẹ̀lé ara rẹ̀. Bí omi ṣe ṣe pàtàkì fún arìnrìn-àjò nínú aṣálẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe pàtàkì fún ọkọ̀ tó gbé e. Ìdẹ̀ra Ọlọ́hun ni omi. Ẹ má jẹ́ ká fi ṣòfò.