Ohun tí Téèpù Àtijọ́ Ń Pa Mọ́ fún Wa

Ọ̀rọ̀ téèpù ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe èyí tí àwọn ìyá wa fi ń gbọ́ orin o. Téèpù tí kọ̀ǹpútà fi ń pa ẹrù mọ́ ni mò ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe kàn mí. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni Dádì mi ṣe níbí ní London. Lọ́dún 1997, wọ́n tẹ ìtàn ìdílé wa àti oríkì ìyá wọn sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì kékeré kan. Kọ̀ǹpútà yẹn ti dé ààtàn tipẹ́. Màmá àgbà náà ti lọ. Kásẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù nínú dúrọ́ọ̀. Ṣé ohun tó wà lórí rẹ̀ ṣì lè jáde?

Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Láti ọdún 1951 ni kọ̀ǹpútà UNIVAC ti ń kọ nǹkan sórí téèpù, irin tẹ́ẹ́rẹ́ sì ni téèpù tirẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Bell Labs ní Amẹ́ríkà ṣe Unix, orí téèpù ni wọ́n ń kó o sí ránṣẹ́ sí àwọn yunifásítì. Lọ́dún 1979, Unix keje jáde pẹ̀lú àṣẹ kan tó ń jẹ́ tar. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Linux, ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣé ẹ mọ ibi tí orúkọ rẹ̀ ti wá? "Tape archive" ni, ibi ìpamọ́ orí téèpù. Ẹni tó bá ń lo tar lónìí ń pe orúkọ téèpù, bí kò tilẹ̀ rí téèpù rí.

Ẹ wo bí tar ṣe ń ṣe é. Ẹ rántí bí màmá ṣe máa ń di ẹrù ránṣẹ́ sílé: wọ́n á di ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, wọ́n á sì kọ orúkọ sí i lára. Bẹ́ẹ̀ ni tar ń ṣe. Ó ń kọ orúkọ fáìlì, bó ṣe tóbi tó àti ọjọ́ rẹ̀ síwájú fáìlì kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, bí ibì kan bá bàjẹ́ lórí téèpù, ó ṣeé ṣe kí a fo ibẹ̀, kí a wá orúkọ tó tẹ̀ lé e, kí a sì máa kó ẹrù lọ. Àmọ́ bí wọ́n bá ti fún gbogbo rẹ̀ pọ̀ bíi gzip, ibi tó bàjẹ́ lè ba gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́.

Lọ́dún 2025, ní University of Utah, wọ́n rí téèpù kan nínú yàrá ìkẹ́rùsí. Wọ́n ti fọwọ́ kọ ọ́ sára rẹ̀ pé Unix kẹrin láti Bell Labs ni. Unix kẹrin yìí, ti ọdún 1973, ni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi èdè C kọ ọkàn rẹ̀. Díẹ̀ péré ló kù nínú rẹ̀ lọ́wọ́ aráyé. Wọ́n fi ọkọ̀ gbé téèpù náà lọ sí Computer History Museum ní California. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò kánjú. Wọ́n gba gbogbo ìró tó ń jáde lórí téèpù sínú kọ̀ǹpútà ná, kí ètò mìíràn tó wá túmọ̀ ìró yẹn sí 0 àti 1. Ní oṣù Kejìlá, Unix kẹrin jáde sí gbangba lẹ́yìn ọdún méjìléláàádọ́ta.

Kì í ṣe gbogbo téèpù ló rí irú oore bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2009, NASA sọ pé ó jọ pé wọ́n ti pa ohun tó wà lórí àwọn téèpù ìpilẹ̀ṣẹ̀ Apollo 11 rẹ́, tí wọ́n sì tún téèpù náà lò. Àwòrán ìgbà tí ènìyàn kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ òṣùpá!

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí mo ṣe ṣe ti Dádì rèé. Mo ra ẹ̀rọ tó lè kà á, àlòkù. Mo sún ìlẹ̀kùn kékeré ara kásẹ́ẹ̀tì náà sí ibi tí ohunkóhun kò ti ní lè kọ lé e lórí. Lẹ́yìn náà:

mt -f /dev/nst0 rewind
dd if=/dev/nst0 of=dadi.img bs=64k
tar -tvf dadi.img

Èyí àkọ́kọ́ dá téèpù padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Èkejì da ohun tó wà lórí rẹ̀ kọ sínú fáìlì kan, láìtú u. Ẹ̀kẹta ka orúkọ àwọn ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi. Ẹ ṣọ́ "n" tó wà nínú nst0 o: òun ni kì í jẹ́ kí téèpù padà sẹ́yìn lẹ́yìn àṣẹ kọ̀ọ̀kan. Ẹ dà á kọ ná. Ẹ̀dà yẹn ni kí ẹ máa tú, kí téèpù sinmi.

Fáìlì mélòó kan ti bàjẹ́. Oríkì jáde. Ṣùgbọ́n fọ́ńtì àtijọ́ ni Dádì fi tẹ Yorùbá, nítorí náà gbogbo ẹ àti ọ ti di àmì tí kò yé mi. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, mo gbé e fún wọn. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n sì kà á láti òkè délẹ̀ láìkọsẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kà á ni mò ń tún àmì rẹ̀ ṣe.

Ẹ̀rọ gbé ọ̀rọ̀ jáde, ẹnu Dádì ló sọ ọ́ di Yorùbá. Tí mo bá dúró di ọdún mẹ́wàá sí i, ta ni ì bá kà á? Nítorí náà, ẹ lọ wo dúrọ́ọ̀ ilé yín. Ẹ bi àwọn òbí yín léèrè ohun tó wà níbẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣì lè dá yín lóhùn. Ó dìgbà kan ná.